Aṣọ Pupa Tí Mo Tú Lẹ́bàá Ògiri Àdúrà

Ẹ̀yin ará Thangmo, ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má dìde títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi dé àsìkò òjò. Irọ́ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mọ́kànlá, n kò sì fẹ́ gbé e wọ inú iná tí ẹ óo fi sun òkú mi. Wangchhu kò kú sínú adágún Yumtso. Èmi Nurbu ni mo pa á. Ẹ má wo ojú Màmá Yangki, ìyá rẹ̀, torí àná ni mo ti sọ fún wọn.

Ẹ mọ bí àwa méjèèjì ṣe rí. A jọ ń ru ẹrù àwọn àlejò gun òkè ni, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àti okùn níwájú orí. Mo fi ọdún mẹ́rin ju Wangchhu lọ, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta láìwo ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fi mí sílẹ̀. Tí èèyàn bá ń wò mí, màá rẹ́rìn-ín, màá pàtẹ́wọ́ fún un. Tí mo bá dá wà, màá tutọ́ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìlara ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ṣètò eré ìje lọ sí Yumtso. Ẹni tó bá kọ́kọ́ padà dé ni wọn yóò mú lọ sáré ní Switzerland. Wọ́n fún oníkálukú ní ìgò kékeré kan kó fi bu omi adágún wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó débẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́nà lókè. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé ibi tí a bá ti rí aṣọ pupa, a ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, àwa méjì la wà níwájú, kùrukùru sì ti bò wá.

Wangchhu ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n Nurbu, ṣé kí n bá yín ru eegun yín ni? Màmá ti ń po ìyẹ̀fun mómò tí wọ́n fẹ́ fi di ẹran sílẹ̀ o! Ẹni tó bá pẹ́ dé, omi ọbẹ̀ ló máa lá."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, kó o sáré," ni mo dá a lóhùn.

"Ó dáa, ẹ máa lọ. Okùn bàtà mi tú. Màá bá yín níbi ògiri."

Gbogbo wa la mọ ògiri àdúrà yẹn, ògiri òkúta tí wọ́n gbẹ́ àdúrà sí lára, tó dá ọ̀nà sí méjì. Kò sí ọmọ Thangmo tí wọn ò kọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí ògiri wà tí a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gòkè á gba apá òsì, ẹni tó ń bọ̀ á gba apá kejì. Bí ẹrù ti lè wúwo tó lọ́rùn Wangchhu, kò gba òdì rí. Mo dé ibẹ̀, mo bá aṣọ pupa lórí okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà apá òsì. Ilẹ̀ ti ya lójú ọ̀nà náà lóru mọ́jú ọjọ́ yẹn, àwọn tó yẹ ọ̀nà wò ṣáájú eré ló ta okùn náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sínú kùrukùru, n kò sì gbọ́ ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí.

Mo tú okùn náà. Ẹ má bá mi di ẹ̀bi yìí ru èṣù, ọwọ́ mi ni. Mo ká aṣọ sínú ẹ̀wù, mo gba òdì ògiri, mo sì lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ń ka àdúrà tí a máa ń kà níbẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, láàárín èémí. Ká ní mo wúkọ́ lásán, ì bá dúró. Mo fi ọwọ́ di ẹnu àti imú mi. Ilẹ̀ ya, òkúta ń dà gìrìgìrì, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n Nurbu? Òkúta ti di ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀. Mo ta okùn àti aṣọ padà sí àyè wọn kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kó sí i. Èmi ìkà yìí ń ṣàánú àwọn yòókù! Mo wá sáré lọ sí Yumtso, mo bu omi mi. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo gba apá tó tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ṣì ń pè mí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kò lè gbọ́ ọ.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ẹ dúró ná. Nígbà tí Wangchhu kò dé, Màmá Yangki gbá mi lápá mú. "Nurbu, ọmọ mi, ibo lo ti rí i kẹ́yìn?" Ọ̀sán ṣì ni. Ká ní mo sọ pé ibi ògiri ni, wọn ì bá bá a láàyè. Mo ní, "Etí adágún ni, Màmá. Ó ń bu omi lọ́wọ́ nígbà tí kùrukùru bò ó." Gbogbo ìlú kọrí sí adágún. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a nínú omi. Kò sẹ́ni tó wo ibi ògiri, aṣọ pupa ṣáà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ta á.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti fi mí ṣe ọmọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń di apá mi mú gòkè, wọ́n á da tíì oníyọ̀ àti ìyẹ̀fun ọkà sínú omi, wọ́n á ní, "Wangchhu, jẹun." Èmi á dúró tì wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ kí ìyá máa bọ́ omi lásán.

Tí mo bá sì ń kọjá níbi ògiri, ìró ẹsẹ̀ kan máa ń bá mi rìn lódì kejì. Tí mo bá dúró, á dúró. Ní Switzerland pàápàá, kùrukùru bo ògiri oko màlúù kan tí mò ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì gbọ́ àdúrà wa, wúyẹ́wúyẹ́, lódì kejì. Ẹsẹ̀ náà kì í dé òpin ògiri, èmi nìkan ni mo máa ń jáde. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mo jókòó sílẹ̀, wọ́n sì wá gbé mi kúrò lójú eré.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Màmá lánàá, wọ́n ń po ìyẹ̀fun. Ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ta ni Wangchhu ń pè? Èmi ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

Wọ́n da aṣọ bo ìyẹ̀fun náà. "Ìwọ náà ni kó o lọ dá a lóhùn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá pè yín nínú kùrukùru, ẹ padà. Ẹ lè gba ipò kìíní lọ́dún mìíràn. Tí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ fi apẹ̀rẹ̀ gbé mi lọ síbi ògiri, kí ẹ mú ṣọ́bìrì dání. Ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti ya ni kí ẹ gbẹ́. Màmá yóò gbé tíì wá síbẹ̀, wọn kò ní lọ dé adágún mọ́. Ohùn mi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti ń dánra wò: Wangchhu, mo wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀, àbúrò mi, mo sì gbọ́ ọ.