Nílé Tèmi, Kò Tíì Kú

Nínú wôrô-wôrô, takisí akérò tó ń gbé wa lọ sí àdúgbò Koumassi, ìyá kan àti ọmọge kan tó ń pè é ní Tàǹtí fún mi mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí dẹ́rẹ́bà fi pa rédíò kó lè gbọ́ wọn.

«Tàǹtí, ẹ tún wo fíìmù ọkùnrin tí wọ́n dájọ́ ikú fún yẹn?»

«Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Mo tiẹ̀ ti ṣe sàráà fún un. Mo pín búrẹ́dì àti wàrà fáwọn ọmọ àdúgbò. Àfáà ní kí n mú orúkọ ìyá rẹ̀ wá fún àdúrà, mo ní fíìmù ò sọ ọ́.»

Ọmọge rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. «Mais Tàǹtí, ṣebí ó pààyàn! Ojú yín ló ṣe!»

«Mo rí i. Sàráà ẹni tó pa náà wà nínú búrẹ́dì yẹn.»

«Wọ́n ṣáà máa pa á níkẹyìn.»

«Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tí wọ́n bá ti ń mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti fẹ́ pa á yẹn, màá pa tẹlifíṣọ̀n. Nílé tèmi, kò tíì kú.»

Mo rọra ń tún gbólóhùn yẹn sọ fúnra mi.

«Èmi ò gbà o, Tàǹtí. Ẹni tó bá pààyàn, kí wọ́n pa òun náà.»

«Ó dáa. Wá lọ́la. Màá gbé rìmóòtù lé ẹ lọ́wọ́. Ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n mú un wọlé?»

Dẹ́rẹ́bà pàápàá ń wo ọmọge nínú dígí. Ọmọge bú sẹ́rìn-ín:

«Màá ní iná ló lọ.»