Ìwé Owó Oṣù Tó Dé Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

[Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín, Àǹtí mi. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé o ti jẹun?

ÀBÚRÒ: A dúpẹ́ mà. Àǹtí, mo ti wà nídìí iṣẹ́ o, mi ò lè—

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò ní pẹ́. Kí ni wọ́n ń pè ní "net pay"?

ÀBÚRÒ: Owó tó kù síni lọ́wọ́ tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti gbogbo ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti yé mi. "Junior Developer" ńkọ́? Ṣé òun ni ọ̀gá?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Junior ni ọmọ tuntun. Senior lọ̀gá, èmi ni Senior. Àǹtí, kí lẹ ń—

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá dé tí owó ọmọ tuntun fi ju ti ọ̀gá lọ?

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́]

ÀBÚRÒ: Owó wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó wà nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi láàárọ̀ yìí. Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀, lọ súà. Mo rò pé o fẹ́ kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò ni.

ÀBÚRÒ: Èmi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí yín o. Ẹ dúró ná. Mò ń kọ ètò kan tó ń fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́, ti oníkálukú sí oníkálukú. Ímeèlì yín ni mo fi ń dán an wò, torí ẹ kì í ṣí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ṣí i lónìí. Oníbàárà kan fi sítáì ránṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Kò burú. Orúkọ irọ́ àti owó irọ́ ló wà nínú ti ìdánwò—

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ bí i ti báwo? Olórin wà níbẹ̀! Ọmọ tó máa ń ki nǹkan orin bọ etí, tó o mú wá síbí. Mo rán ṣòkòtò fún un, mo mọ orúkọ àbísọ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Yéè! Live! Live ni mo tẹ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni live?

ÀBÚRÒ: Méjì ni wọ́n, Àǹtí. Ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan tó jẹ́ ojúlówó. Mo rò pé ti ìdánwò ló wà níwájú mi. [Títẹ kọ̀ǹpútà] Mo gbé o! All staff! Ó ti lọ bá gbogbo wa, látorí ọ̀gá dórí ẹni tó ń nulẹ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí làwọn yẹn ń ṣe?

ÀBÚRÒ: Kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n tẹjú mọ́. Olórin ti yọ nǹkan etí ẹ̀. Ó ń wò mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kó wò ẹ́ dáadáa. Òun ni Junior tí mò ń wí. Ìlọ́po méjì owó ẹ ló ń gbà!

ÀBÚRÒ: Kí lẹ wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlọ́po méjì, ó tún lé. Ṣé o gbọ́ mi? Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlẹ̀kùn pa dé. Ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn]

ÀBÚRÒ: Mo ti jáde síta. Àǹtí, èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ kì í bi ara yín léèrè ni?

ÀBÚRÒ: Àwa? A lè bi ara wa léèrè ìgbẹ́ gbuuru, a kì í bi ara wa léèrè owó. Lọ́jọ́ tí mo débí, wọ́n ní èló ni mo fẹ́. Mo dárúkọ owó kékeré kí wọ́n má baà lé mi. Kíá ni wọ́n gbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́. Má bínú. Dúró ná... ẹ̀rọ tuntun tó o rà fún mi yìí—

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò fi sílẹ̀. Mo mọ iye tí wọ́n ń tà á. Owó oṣù mẹ́ta rẹ ni!

ÀBÚRÒ: Àǹtí...

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi wá ń bú ẹ. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nígboro ń kọ́lé, ìwọ ń háwọ́. Kí lo ń jẹ?

ÀBÚRÒ: Mò ń jẹun. Wọ́n ń fún wa ní tíì àti bisikíìtì níbí.

Ẹ̀GBỌ́N: Bisikíìtì! O ò sì lè sọ fún mi?

ÀBÚRÒ: Ojú ń tì mí. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé owó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Tí mo bá ní tèmi ò tó nǹkan, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O mọṣẹ́. [Ó fọn imú] Má jẹ́ kí n sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

ÀBÚRÒ: Àǹtí, ọ̀gá dúró lókè àtẹ̀gùn. Ó ń fọwọ́ pè mí. Iṣẹ́ ti bọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́. Tọrọ àforíjì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, béèrè owó Olórin. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Kí n béèrè owó lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lé mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí wọ́n bá lé ẹ, máa bọ̀ nílé. Màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gán bọ́tìnnì.

ÀBÚRÒ: Mò ń bọ̀, sà! Àǹtí, mo ti fi yín sápò o.

[Aṣọ ń ha fóònù. Ìlẹ̀kùn]

Ọ̀GÁ: Jókòó. Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?

ÀBÚRÒ: Ẹ forí jì mí, sà. Àṣìṣe ni, sà. Ẹ ṣàánú mi, sà. Mo bẹ̀ yín, sà—

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní!

Ọ̀GÁ: Ta ló sọ̀rọ̀?

ÀBÚRÒ: Àpò mi ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ọ̀GÁ: Wọ́n ti ń pa ìwé yẹn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Àdírẹ́sì kan ló kù tí kì í ṣe tiwa. Ti aránṣọ kan. Ta nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Òun náà ló wà lápò mi, sà.

[Aṣọ ń ha fóònù]

Ọ̀GÁ: Hẹ́lò? Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìnáwó.

Ọ̀GÁ: Mà, ìwé kan ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á rẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò le, sà, màá pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọ̀gá ló wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ nínú ẹ̀. Èmi tí mo bá fi aṣọ bàbá rán ti ọmọ, títú ni mo máa ń tú u. Ẹ tú u, sà.

Ọ̀GÁ: Mà, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ nìyẹn—

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ ìyá mi ni, sà. Oúnjẹ oṣù mẹ́ta ẹ̀ ni mo jókòó tì níbí tí mo fi ń ránṣọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ọ̀GÁ: ...Mo gbọ́ yín, mà. Ìwọ, èló lo fẹ́ gan-an?

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, má dárúkọ kékeré o! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín, Àǹtí. Sà, iye tí ẹ ń san fún Olórin. Kí ẹ wá fi owó ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lé e.

Ẹ̀GBỌ́N: Héè! Ọmọ ìyá m—

[Ìpè já]