Òrùka Agbétíì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohùn bàbá mi ni mi ò gbọ́ mọ́ nínú ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, ohun tó sì ń dùn mí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ariwo ò tán ládùúgbò wa o. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ti ń pe èrò Ìdímù láti àárọ̀. Ohùn kan ṣoṣo yẹn ni kò sí níbẹ̀. Èmi ọmọ wọn ni mo bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà kí dókítà mú un kúrò lára wọn. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ abọ́, ọwọ́ mi á kàn dúró sínú omi, màá máa bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ṣé oore ni mo ṣe fún wọn ni, àbí ìkà?

Bí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ bàbá mi láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ ò lè mọ ojú wọn, torí orí rédíò ni wọ́n ti ń ṣeré. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí à ń gbé Ìbàdàn, eré amí kan máa ń wà lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ló sì ń ṣe amí náà. Agbétíì ni wọ́n ń pè é nínú eré, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ọ̀gágun àwọn ọ̀tá ni kó máa gbé tíì wọlé, kó sì gbé ife òfìfo jáde. Àwọn ọ̀gágun á máa tú àṣírí ogun lójú rẹ̀, torí ta ló ń ka ẹni tó ń gbé tíì sí èèyàn? Òrùka kan wà níka Agbétíì. Tó bá fi òrùka yẹn kan ife lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ tó sá pamọ́ pé, “Mo wà níbí, mò ń gbọ́.” Tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí onítọ̀hún dákẹ́, ewu ń bọ̀. Àwọn ọ̀tá ò mọ nǹkan kan. Àwa tí a wà nídìí rédíò la mọ̀, a ò sì rí ẹni kìlọ̀ fún! Ńṣe ni mo máa ń di ìró màmá mi mú bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ wá mú.

Wọ́n mú mi dání lọ sí ilé rédíò lọ́jọ́ kan. Mo rò pé màá bá ààfin, ìbọn àti igbó níbẹ̀. Yàrá kékeré kan ni mo bá, gbogbo òṣèré rọ̀gbà yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo ká. Igbó tó ti ń bà mí lẹ́rù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èèpo ẹ̀pà inú agbọ̀n ni, obìnrin kan ló ń fi ọwọ́ rún un. Òjò tó ń rọ̀ lórí páànù, ìrẹsì ni wọ́n ń dà sínú tíréè. Bàbá mi ò wọ aṣọ amí kankan, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn. Tí Agbétíì bá fẹ́ jáde kúrò ní yàrá, wọ́n á yí orí díẹ̀, wọ́n á fi ìka ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á sún mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Òrùka nìkan ni kò ní ẹ̀tàn, fàdákà gidi ni, wọ́n ní etí àwọn tó wà nílé kò ṣeé fi ṣeré. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó mà ṣe o, kò sí ọ̀kan nínú eré náà tó ṣẹ́ kù. Téèpù ṣọ̀wọ́n nígbà náà, orí èyí tí wọ́n ti lò ni wọ́n ń gba òmíràn sí.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọwọ́ ti ba Agbétíì, wọ́n dè é mọ́ àga, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ yẹn dé ìparí, bàbá mi ò la ẹnu. Ọ̀gágun ń bú, ó ń halẹ̀, a ò gbọ́ èsì. Mo bú sẹ́kún, mo ní wọ́n ti pa bàbá mi. Màmá mi ní kí n dákẹ́, kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ, lára irin àga: kó, kó. Inú mi dùn débi pé mo sáré káàkiri pálọ̀.

Màmá mi ti lọ báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi sì ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há. A rò pé ọ̀fìnkìn ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìgándò, ó ní kókó burúkú kan ti wà lọ́nà ọ̀fun, bí wọn ò bá yọ ọ́, yóò gba ẹ̀mí wọn, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ohùn yóò bá a lọ. Bàbá mi ní àwọn ò ṣe. Mo sunkún, mo bínú, mo pe pásítọ̀, wọn ò yí ọ̀rọ̀ padà.

“Lórí rédíò,” ni wọ́n wí fún mi, “ẹni tí kò bá ti sọ̀rọ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ kí n lọ nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀ jàre.”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú Agbétíì ló kàn wá sí mi lẹ́nu.

“Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n dè yín mọ́ àga ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ rárá. Ṣebí ẹ wà níbẹ̀? Èmi gbọ́ yín.”

Ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn híhá yẹn títí ikọ́ fi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n wá ká lọ bá dókítà.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo mú wọn délé, tí mo fún wọn ní òrùka Agbétíì tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn ò fi sọ́wọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e sí. Mo fún wọn ní fóònù kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, wọ́n gbé e padà fún mi. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo wá gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé èmi ni mo fẹnu dídùn tàn wọ́n sínú irú ayé tí wọn ò fẹ́.

Ìyá Àdúrà, àgbàlagbà kan tó ń wọ sùtánà funfun ní òpópónà kejì, wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Pálọ̀ la jókòó sí, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín àwa àti yàrá bàbá mi.

“Ọmọ mi, ká má tan ara wa jẹ,” ni ìyá náà wí. “Bàbá yẹn ò sí níbí mọ́. Ara ṣá ló kù.”

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní èmi ni mo fà á, èmi ni mo pa wọ́n lóòyẹ̀. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí a fi gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì: kó. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá Àdúrà dìde fùú, ó di àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú. Èmi dákẹ́, nítorí mo mọ ohun tí bàbá mi wí. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún dún: kó, kó.

Mo ká kọ́tìnì. Bàbá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn, òrùka wà níka, ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa pátá ni wọ́n ti gbọ́! Amí ti wà nílé mi láti ọjọ́ náà. Tí mo bá wà lórí fóònù, tí mo ń sọ fún èèyàn pé mo ti dé Ìkòtún, tí mi ò sì tíì wọ bàtà, wọ́n á kan ife lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àlejò mi ti mọ̀ pé kò sí òfófó nílé wa mọ́.

Síbẹ̀, àárò ohùn yẹn ń sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí òbí yín bá ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ gbà á sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìbínú ni wọ́n ń bí. Bí mo ṣe ń kọ èyí náà ni mò ń kà á sókè, torí ó tọ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń sọ nípa wọn fún yín. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń fẹ́ o. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ dákun, ṣé mo ṣe dáadáa, àbí ńṣe ni mo

Wọ́n ti kan ife. Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Mo ti dákẹ́. Mo gbé báírò sílẹ̀, mo ń retí. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá kàn án lẹ́ẹ̀mejì.