Ohùn Ọmọ Mi Nínú Awò Ojú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ gbà mí o. Àíṣà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kò sọ Yorùbá mọ́. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn. Tí mo bá bínú, á ní "tayyib," ìyẹn "ó dáa," á bá yàrá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an, torí ọwọ́ mi ló ti wá.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò ojú ni mo wà ní Jidda níbí. Awò wa kì í ṣe ti ìríran lásán, ó máa ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó wọ̀ ọ́ létí, á máa tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan ní Obhur, ta ló mọ̀ wá? Ìgbà tí a bá àwọn tó ń ta awò ojú da òwò pọ̀ ni ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tó ń kó èrò Mẹ́kà wá láti ilé ní àwọn náà á bá wa ṣe é, bí awò náà bá lè sọ Yorùbá. Ọ̀gá mi wojú mi, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ Àíṣà. Ohùn rẹ̀ dùn! Òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ awò náà láti Lárúbáwá, ohùn rẹ̀ náà la sì gbà sínú rẹ̀. Ibí ni a bí i sí, kò sí àgbà lọ́dọ̀ wa tí yóò máa kí. Tó bá pè mí ní "ìwọ," ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Nígbà tí èrò Úmúrà dé, a gbé awò náà lọ bá wọn níbi tí wọ́n dé sí ní Al-Utaybiyah ní Mẹ́kà. Màmá mi wà lára wọn. Àlàájì àgbà kan wọ tiẹ̀, ó sì yọ ọ́ kíá.

"Ọmọ ta lèyí? 'Dúró! Yà sọ́tùn-ún!' Ṣé èmi àtiẹ̀ jọ ń ṣeré ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Àlàájì. Ọmọ Saúdí ni, kò gbọ́ Yorùbá."

Àíṣà wà lẹ́yìn mi. Kò gbọ́ Yorùbá kẹ̀! Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wa ti gba sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan láti Ìbàdàn. "Ẹ dúró, ẹ yà sọ́tùn-ún" ni awò náà ń sọ báyìí, àwọn tó fẹ́ bá wa dòwò sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń yìn mí níbi iṣẹ́. Màmá mi nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ohùn inú tiẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Lánàá tí mo pè é, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn tiẹ̀ nínú fóònù.

"Rọra, má kánjú."

"Mo gbọ́, Àíṣà mi," ni màmá mi dáhùn.

Àíṣà wà nítòsí mi, ó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, mo fẹ́ bẹ ọmọ yìí. Èdè wo ni kí n fi bẹ̀ ẹ́?