Ohun Tí Àkọ́bí Mi Sọ Fún Mi Láàárọ̀ Iléyá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún mi. Wọ́n ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi bí mo bá ti Ọjà Àlàbá dé sí ilé wa ní Òkòkòmáikò. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ń finú hàn mí mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á, Iléyá sì tún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, bàbá mi a máa pè wá jókòó sórí ẹní láàárọ̀ Iléyá, kí a tó lọ sí Yídì. Olúkúlùkù yóò jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe ní kọ̀rọ̀ láàárín ọdún, bàbá yóò sì dárí jì í. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí ẹní kò gbọdọ̀ bá wa dìde. Mo jẹ́wọ́ fún un nígbà kan pé èmi ni mo ba rédíò rẹ̀ jẹ́. Títí tí ó fi kú, kò mẹ́nu bà á mọ́. Àṣà yìí ni mo gbé wá sí Èkó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran ọdún lọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Àṣàbí, àkọ́bí mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, jẹ́wọ́ pé òun ṣì ń tọ̀ sílé, pé òun a máa dìde fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kí ìyá òun tó jí. Mo fi ọwọ́ pa á lórí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àlejò kún pálọ̀ wa, a ń jẹ, a ń ṣẹ̀fẹ̀. Àlàájì kan tí ìsọ̀ wa kọjú síra wọn ń yangàn pé, “Aṣọ gbogbo ilé ni ọmọbìnrin mi ń fọ̀.” Kí ni mo rí tí mo fi lanu? Mo ní, “Tèmi náà kò gbẹ́yìn, Àlàájì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni òun ń fọ̀ láràárọ̀, ó ń tọ̀ sílé bí ọmọ ọwọ́.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àṣàbí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹran. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Láìpẹ́, àwọn ọmọ Àlàájì tí wọ́n bá a wá ti ń bi í léèrè níta pé, “Àṣàbí, ṣé òjò rọ̀ sí yàrá yín lánàá ni?” Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Ní èṣí, mo tún tẹ́ ẹní. Àṣàbí ní, “Mi ò ṣe nǹkan kan, Dádì.” Mùsílíù, àbúrò rẹ̀, ní, “Èmi náà ò ṣe nǹkan kan, sà.” Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, Àṣàbí rọra fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ọmọ náà sì pa ẹnu dé. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Àṣàbí, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Yídì.” A wọṣọ, a lọ, a kírun.

Mo pè é ní àìgbọràn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣu ni ó ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Tótó ó ṣe bí òwe. Ní oṣù tí ó kọjá, mo pàdé olùkọ́ Àṣàbí ní Ìyànà Ìbà. Ó ní ọmọkùnrin kan ti ń dẹ́rù ba Àṣàbí lójú ọ̀nà ilé-ìwé fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùkọ́ ni ó bá a dá sí i. Ọmọ mi sọ ọ́ fún ará ìta. Kò sọ ọ́ fún èmi bàbá rẹ̀.

Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ lórí ẹní, n ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú Àlàájì pẹ̀lú. Ìyàwó mi kọ̀. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tó ti ń rọlẹ̀, ẹ tún fẹ́ gbé e síwájú àlejò? Ṣé ẹ tiẹ̀ ti bi Àṣàbí bóyá bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?”

N kò tíì bi í. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ ṣáájú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni bàbá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?