Aṣọ Tí Ìyá Péjú Gé Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Aké, ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ̀yin oníbàárà wa láti Òkè-Ìléwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Sìlífátù ni mo ń jẹ́. Èmi àti Beatrice, Ìyá Péjú wa, tó sùn sílẹ̀ yìí la jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wo aṣọ ọrùn mi. Ẹ̀ ń sọ lọ́kàn yín pé, kí ni Sìlífátù ń fi léèsì funfun ṣe níbi àìsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Háà! Ẹnu mi ò gbà á. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí náà ni! À ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sìlí, bá mi bu omi wá." Mo lọ bu omi. Kí n tó dé, ó ti gbórí lé ẹ̀rọ. Mo ní, "Ìyá Péjú, dìde jọ̀ọ́, àwàdà yìí ti pọ̀jù." Àwàdà kọ́! Àwọn èèyàn ti pé jọ, wọ́n ń pariwo, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mùsùlùmí ni mí. Ní tiwa, ẹni tó bá kú láàárọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú bá a lókè eèpẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ fi í sílẹ̀ fún wa di òní, torí mo ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lágídí? Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n! Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ó ti lé lógójì ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ló bá ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, òun fẹ́ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, òun fẹ́ di olùkọ́. Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí mi lónìí. Ẹ ní, "Ìwọ tí irun orí rẹ ti ń funfun, o fẹ́ lọ máa jókòó ti àwọn ọmọ tó o lè bí?" Kí ló fi dá yín lóhùn? Ó ní, "Bọ̀dá mi, ìgbà tí èèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀." Ẹ bínú, ẹ bínú títí. Ta ló wá gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ? Ẹ̀yin náà ni, Bọ̀dá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere.

Kó tó yege ìdánwò àṣewọlé, ìwé ló ń gbé ti ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ojú ń kàwé. Lọ́jọ́ kan, ó rán ọrùn bùbá oníbàárà pa! Obìnrin yẹn ń ti orí bọ̀ ọ́, orí ò wọlé. Ìyá Péjú ní, "Ẹ má bínú, Jọ́gíráfì ló fà á." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ní Ìbàdàn ńkọ́? Gbogbo àwọn ọmọ dìde kí i, wọ́n rò pé olùkọ́ ti dé. Ó ní kí wọ́n jókòó, òun náà sì lọ jókòó tì wọ́n.

Ó kàwé ọ̀hún yege, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ku ọjọ́ tí wọ́n máa fún un níwèé ẹ̀rí. Ó ní mo gbọ́dọ̀ bá òun lọ. Mo ní n kò lọ. Kí lèmi tí n kò mọ ábídí fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé? Aṣọ wo ni mo tilẹ̀ ní? Ó wò mí, ó ní, "Wàá lọ."

Ẹ wá gbọ́ o. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá gé aṣọ ló ń rán an. N kì í fọwọ́ kan èyí tó gé, òun náà kì í fọwọ́ kan tèmi, kí ẹnì kan má bàa sọ pé ìkejì ló bà á jẹ́. Léèsì funfun tó gé kẹ́yìn wà lórí tábìlì. Gbogbo wa gbà pé tirẹ̀ ni, pé tọjọ́ ìwé ẹ̀rí ni. Bọ̀dá ní, "Sìlífátù, bá wa rán an parí, ká fi wọ̀ ọ́ lọ sílé." Mo bá rú òfin wa. Mò ń sunkún, mò ń rán an.

Bí mo ṣe so èjìká pọ̀, ó rú mi lójú. Ìyá Péjú ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bùbá yìí kúrú, ó fẹ̀. Mo ní bóyá omijé ni. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo wo èjìká òsì, ó rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀? Èmi! Láti kékeré tí mo ti já bọ́ lórí igi máńgòrò. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gé e fún mi. Ìnnà lílláhì! Aṣọ mi ni! Aṣọ tí mo ní n kò ní ló ń gé fún mi tí ikú fi dé.

Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ forí jì mí. Láàárọ̀ yìí tí ẹ ń retí aṣọ, mo sá fún yín. Ìdí rèé tí aṣọ ìjọ fi wà lọ́rùn rẹ̀, tí léèsì fi wà lọ́rùn mi. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rí i bó ṣe jókòó?

Ìyá Péjú, ọ̀rẹ́ mi, alágídí, o borí. Wọ́n máa ń ní kí òkú má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló. Ní tìrẹ, ìwé tí wọ́n bá ń kà lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn kà. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún ọ, má wẹ̀yìn. Màá lọ sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, èmi ni màá dìde.