Fọ́tò Tí Mo Rán Mùsítúrà Lọ Yà

Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin òtítọ́ yìí, kò kú. Kí ọkàn mi tó dáwọ́ lílù dúró, mo fẹ́ hú u síta lójú gbogbo yín. Adéníkẹ́ Ṣọlágbadé ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì lo mọ́kànlá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ, láàárín Òkokomáìkò sí Ìbà. Ajáńgbádì ni mò ń gbé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń gbé àyà ró kí n tó lè mí. Dókítà sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, torí èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Ìyá rere ni àwọn ará àdúgbò ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn kan wà tí à ń pè ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Irú rẹ̀ kan ń rọra rìn, ẹni tó ní in lè lo ọdún púpọ̀. Irú kejì ń sáré. Ènìyàn á rò pé ibà lásán ni, á ra oògùn ibà lò, èrìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, àpá dúdú á máa yọ lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù, kí oṣù mélòó kan tó pé, wọ́n á ti máa pín aṣọ rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò bá gba oògùn líle, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni a ní fún un, abẹ́rẹ́ náà kì í sì í pẹ́ kó tó sú ara. Ní ọdún 2022 wọ́n gbé ìwádìí kan wá sọ́dọ̀ wa: kí á fi hóró oògùn tuntun kan kún abẹ́rẹ́ náà, kí á mọ̀ bóyá méjèèjì yóò ṣe ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó lè fa ẹ̀mí gùn, ó sì lè tètè gbé ènìyàn lọ, torí oògùn méjì ni yóò máa bá ara tó ti rẹ̀ jà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni yàn. Wọ́n fi àwọn àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa ránṣẹ́ sí wa, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni èyí tó kàn. Ìwé inú rẹ̀ lè ní abẹ́rẹ́ nìkan, ó sì lè ní méjèèjì. Dókítà Adéníjì, tó jẹ́ ọ̀gá ìwádìí náà, kó àwọn àpòòwé yìí lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ pé n kì í parọ́. Nígbà tó ń sọ ọ́, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ ohun kan. Àpòòwé tó bá ní méjèèjì máa ń nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ, torí ìwé ìlò hóró oògùn wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kíyè sí i gan-an ló yẹ kí n sọ fún dókítà. N kò sọ. Mo ní kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo lò ó.

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni Ọláyínká. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wa kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo mú un wá sí Èkó. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe ní Àlàbà. Nígbà tí àìsàn yìí mú un, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára tó fún oògùn líle, torí àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé wa. Mo ní kó wá forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí náà. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé ọmọ ìyá mi ni. Èmi náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti dé ṣáájú rẹ̀. Mùsítúrà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Okùn àti èèpo ẹ̀wà ló ń tà fún àwọn tó ń ra àgbò ní Àlàbà Rágò. Sàmíát ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo kọ aago sílẹ̀: aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ka ìwé ìwádìí fún un láti òkè délẹ̀, ó fara balẹ̀ gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé òun lè máa lo oògùn náà bí ààwẹ̀ bá dé? Mo dá a lóhùn, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbi tó yẹ. Gbogbo ètò ti parí. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú àpòòwé kẹtàdínlógún. Ó nípọn. Mo fọwọ́ kan ìkejìdínlógún tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí ni mo rí Ọláyínká lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ògiri rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Mo dá àpòòwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní, "Màmá, ó ku fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan. Ẹ lọ yà á ní Ìyànà-Ìbà kí ẹ padà wá." Kò sí ibi kankan nínú ìwé ìwádìí náà tí wọ́n ti béèrè fọ́tò. Sàmíát ní fọ́tò ìyá òun wà lórí fóònù, ṣé òun kò kàn lè lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ìyá òun jókòó dè òun. Mo ní rárá, tuntun ni a fẹ́, ìyá fúnra wọn ló gbọdọ̀ lọ. Mùsítúrà gbé gèlè rẹ̀, ó fi èjìká ọmọ rẹ̀ dìde. Ó ní, "Kò burú, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣáà bá wa di ipò wa mú." Mo ní n óò dì í mú.

Kí wọ́n tó kọjá géètì, mo ti ṣí àpòòwé kẹtàdínlógún fún àbúrò mi. Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó padà dé. Fọ́tò mẹ́rin ni wọ́n yà, wọ́n ní bóyá a ó tún béèrè òmíràn. Mo gba ọ̀kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì rẹ̀, mo wá ṣí àpòòwé kejìdínlógún fún un. Abẹ́rẹ́ nìkan. Mùsítúrà ní alihamudulilahi.

Láti ìgbà náà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá pé. "Ọkọ mi" ni Mùsítúrà ń pe Ọláyínká. Ọláyínká bá a tún rédíò rẹ̀ ṣe, ìyá náà ń gbé ẹ̀kọ wá fún un láti ilé. Ní oṣù kejì, ojú àbúrò mi ti ń dán, ó ti ń rojọ́ bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kejì náà, aṣọ ti ń bọ́ léjìká Mùsítúrà. Ní ọjọ́ kan ó fà mí sẹ́yìn, ó rọra bi mí bóyá hóró oògùn tí ọkọ òun ń lò kò lè kan òun náà. Mo ní kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń pín in, ọwọ́ Ọlọ́run ni. Ẹ wo ẹnu mi. Mo dẹ́ṣẹ̀ tán, mo tún gbé e ru Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù, ẹ dúró. Ní oṣù kẹrin, àwọn tó ń yẹ ìwé ìwádìí wò dé. Wọ́n rí i pé aago tí mo kọ sí iwájú orúkọ Mùsítúrà ṣáájú ti Ọláyínká, síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Dókítà Adéníjì pè mí, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni irọ́ dé sí mi lẹ́nu. Mo ní ìyá náà ṣiyèméjì, pé ẹ̀rù oògùn bà á, ó ní kí òun jáde lọ ronú ná, kó tó padà wá gbà. Dókítà gbà mí gbọ́. Ó ní ó yẹ kí ìwé wà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó wà. Kò sí. Mo jókòó, mo kọ ọ́, mo fi déètì ọjọ́ àkọ́kọ́ sí i, mo mú un lọ sí wọ́ọ̀dù. Mùsítúrà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ mẹ́fà, ètè rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Sàmíát ti lọ wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀. Mùsítúrà bi mí pé kí ló wà nínú ìwé náà. Mo ní ìwé oògùn lásán ni.

Ó ní, "Bí ẹ bá ti ní kí n tẹ̀ ẹ́, n ó tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ ń dúró tì mí."

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Èmi ni mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, èmi ni mo tì í bọ inú yíǹkì, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irọ́ tí mo pa mọ́ ọn. Mo fi òwú nu yíǹkì náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú.

Ọláyínká lọ sí àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Nígbà tó dé, ilé mi ló kọ́kọ́ yà sí, kò jókòó. Ó ní Sàmíát ń sọ bí wọ́n ṣe lọ ya fọ́tò ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Sístà mi, fọ́tò wo? Ẹ kò ní kí èmi ya fọ́tò." Mo gbìyànjú láti purọ́, ojú rẹ̀ kò jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bínú, ìbá tún sàn kó bínú. Ó ní, "Ẹ kò bi mí. Oṣù tí mò ń lò láyé yìí, oṣù ta ni mò ń lò?" Ó ní kí n lọ jẹ́wọ́. Mo ní n óò lọ, kó ṣáà jẹ́ kí ara rẹ̀ le ná. Kò tún jẹun nílé mi mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, àìsàn náà padà, apá oògùn méjèèjì kò sì ká a mọ́. Títí ó fi kú, gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló máa ń bi mí bóyá mo ti lọ. N kò lọ.

Wọ́n parí ìwádìí náà. Àwọn tó gba méjèèjì pẹ́ láyé ju àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n gba méjèèjì tí wọn kò lo oṣù kan, mo mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí Mùsítúrà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú títí, kò tù mí. Ohun tó kàn án ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bó pẹ́, bí kò pẹ́.

Oṣù tó kọjá, nígbà tí n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mi mọ́, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adéníjì. Mo sọ ọ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò wò mí mọ́. Wọ́n ti yọ Mùsítúrà àti Ọláyínká kúrò nínú ìṣirò ìwádìí náà, wọ́n ti gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Láti ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, mo gba Àlàbà Rágò lọ. Sàmíát ló jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ ń jókòó sí, ó ń ká okùn. Mo rò ó fún un bí mo ṣe rò ó fún yín yìí, n kò fo ti àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ tí mo tẹ̀. Kò dáwọ́ okùn kíká dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màámi jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dìde ni wọ́n ń ní kí n yára, kí nọ́ọ̀sì má baà máa dúró de àwọn." Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò lè dárí jì mí lónìí, òun kò sì mọ ti ọ̀la, kí n má fi àìsàn mi kán òun lójú. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́, kí n kọ ọ́ síbi tí ènìyàn yóò ti kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣọ funfun, tí wọ́n ń kó ẹ̀mí ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, ìfẹ́ ló mú mi ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìfẹ́ kì í ṣìkà. Bí ẹ bá ti rí àlàfo kékeré tí èké lè gbà wọlé, ẹ tètè wí, kí ọjọ́ tí àìsàn yóò kan ẹni tiyín tó dé. Mo bẹ Ọlọ́run. Mo bẹ Ọláyínká tó ti lọ. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ìṣirò tí mo bà jẹ́ ìbá ti ṣì lọ́nà. Sàmíát, mo ti gbọ́, èyí ni mo kọ bí o ṣe ní kí n kọ ọ́: ẹ̀rù oògùn kò ba ìyá rẹ. Kò jáde lọ ronú. Mùsítúrà kò ṣiyèméjì nígbà kankan. Ó fẹ́ wà láàyè.